Ẹ SỌ ÒKÒ YÍN SÍLẸ̀: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ OBÌNRIN TÍ ORÍ RẸ̀ DÀRÚ

Ọ̀rọ̀ òní máa gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ "Àmín" sábẹ́ ẹ̀ kí ẹ sì kọjá. Ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bá mi jà, torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti gba orí ọ̀pọ̀ fóònù kọjá ní Ìjàgbó àti Ọ̀fà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní kí a lé gbogbo obìnrin tí orí wọn dàrú kúrò nílùú, pé apànìyàn ni wọ́n, pé ọmọ wa ni wọ́n ń wá. Kò sọ ẹni tí wọ́n pa, kò sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń sọ òkò lu ìyá kan tó máa ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ lọ́jà. Àgbàlagbà wà níbẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà, ọmọ ìjọ mi ni. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Dádì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹ ò mọ ohun tí ìyá yẹn lè ṣe lóru."

Òun ni mo ń dá lóhùn lónìí, àti gbogbo ẹni tó ń ronú bíi tirẹ̀. Àwọn bàbá wa ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Apá àkọ́kọ́ nìkan la dì mú nínú òwe yẹn. A ń wòran.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ tó korò. Ṣé obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú lè hu ìwà ipá? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é. Mi ò ní purọ́ torí pé mo fẹ́ gbèjà wọn. Tí àìsàn ọpọlọ bá wọ ènìyàn lára gan-an, tí kò rí ìtọ́jú, ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ohùn náà lè máa sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti bu májèlé sínú ọbẹ̀, tàbí pé ọmọ tó bí kì í ṣe ènìyàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbé ọ̀bẹ, ó lè gbé ọmọ odó. Lójú tirẹ̀, ó ń gba ara rẹ̀ là ni, tàbí ó ń gba ẹlòmíràn là. Àwọn tó sì sábà máa ń fara gbá a ni àwọn tó sún mọ́ ọn jù: ọmọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀. Kì í sábà jẹ́ ọmọ yín tó ń kọjá lọ sílé ìwé.

Ẹ wá gbọ́ báyìí. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì, Seena Fazel àti Martin Grann, gbé iṣẹ́ kan jáde. Orílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti ṣe é, nítorí pé níbẹ̀, ìjọba ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ méjèèjì síra wọn, láti 1988 títí dé 2000. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú 20 ìwà ipá, bíi 1 péré ni wọ́n lè so mọ́ àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tó le. 19 yòókù ńkọ́? Ẹ má wá wọn lọ sábẹ́ ìsọ̀ lọ́jà o.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, ti obìnrin nìkan ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní sá fún un. Nínú ìwádìí kan náà, láàárín àwọn obìnrin ọdún 25 sí 39, ìpín yẹn gòkè dé 14 nínú 100. Láàárín àwọn obìnrin tó ti pé 40 sókè, ó dé 19 nínú 100. Ó ga ju ti gbogbogbòò lọ dáadáa. Àwọn tó fẹ́ràn òkò máa gbá èyí mú, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i bí!"

Ẹ fara balẹ̀. Obìnrin kì í sábà hu ìwà ipá. Ẹ lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n èyíkéyìí, ọkùnrin ló kún ibẹ̀. Tí ẹ bá da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ ìnáwó, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n tí ẹ bá da ṣíbí kan náà sínú àwo ọbẹ̀ ẹnì kan, ẹnu á sọ fún yín. Iyọ̀ yẹn ò pọ̀ sí i, ọbẹ̀ ló kéré. Torí pé ìwà ipá obìnrin kéré, ìwọ̀nba tí àìsàn fà nínú rẹ̀ máa ń hàn gbangba. Kódà nínú àwọn tó ti pé 40 yẹn, bíi 80 nínú 100 ìwà ipá wọn ni wọn ò lè so mọ́ àìsàn ọpọlọ tó le.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn kọ́ èmi ni pé, tí ìyá àgbà tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀ bá ṣàdédé gbé ọ̀bẹ lọ́jọ́ kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu wa ni: "Ṣé ara ìyá yìí yá?" Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwa máa ń bi ni: "Ta ló fún un ní àjẹ́?"

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, Ìjàgbó àti agbègbè, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Thursday, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, 2018, àwọn adigunjalè wọ Ọ̀fà. Wọ́n ṣọṣẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n fọ́ báńkì márùn-ún, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 30. A sunkún lágbègbè yìí títí omi ojú gbẹ. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún àwọn márùn-ún. Ọkùnrin ni márààrún. Wọ́n pète, wọ́n kó ìbọn jọ, wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n á gbà sá lọ. Ẹ má pe irú ìyẹn ní wèrè o. Ìwà ibi kì í ṣe àìsàn. Ìgbà tí ẹ bá pe olè ní wèrè, ẹ fi ọlá fún olè, ẹ sì ba aláìsàn lórúkọ jẹ́.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Gbogbo wa la ti rí obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú tó ń gbé oyún káàkiri ìgboro. Ta ló fún un lóyún? Ẹ dá mi lóhùn! Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé ni. Ó wọ aṣọ, ó lọ́ṣẹ́ nílé, ó ṣeé ṣe kó ní ìyàwó, ó ṣeé ṣe kó máa gbé àpótí ọrẹ lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀. Òun ló yọ́ lọ bá a lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀. Ìwà ipá nìyẹn, àbí kì í ṣe òun? Ta ló gba ohùn sílẹ̀ lórí ìyẹn kó fi ránṣẹ́ sí mi? Àwọn obìnrin wọ̀nyí, ìyà tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ wa pọ̀ ju ìyà tí àwa ń jẹ lọ́wọ́ wọn lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn abiyamọ àti ọkọ wọn sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan: abisínwín. Ẹ tú u wò. Ẹni tó bímọ tó sínwín. Àwọn ìyá wa tí kò ka ìwé kankan ti mọ̀ tipẹ́ pé ìbímọ lè da orí obìnrin rú, wọ́n sì fún un lórúkọ. Àwọn dókítà sọ pé nínú 1000 ìbímọ, ó máa ń ṣe bí obìnrin 1 tàbí 2, àti pé ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìyá ọmọ ò ní sùn, kódà nígbà tí ọmọ bá sùn. Á máa sọ̀rọ̀ kẹ́kẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ ò ní tò. Á máa fura sí gbogbo ènìyàn. Á lè ní ọmọ yìí kì í ṣe òun lòun bí i, tàbí pé Ọlọ́run rán òun ní iṣẹ́ kan nípa ọmọ náà. Ẹ gbọ́ o: tí ẹ bá rí èyí, ẹ má dúró di ìsìn Wednesday. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àìsàn tó ń gbóògùn ni.

Ẹ̀yin tó bá rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń ṣe, ẹ gbọ́ ti Andrea Yates ní Houston, ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Onígbàgbọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé nílé. Ó ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ní 1999 lẹ́yìn ìbí ọmọ kẹrin, ó ti dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà sì ti kìlọ̀ pé tó bá tún bímọ, àìsàn náà lè padà. Ó tún bímọ. Àìsàn padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, 2001, ọkọ rẹ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyá ọkọ máa dé ní bíi wákàtí kan sí i. Láàárín wákàtí yẹn, ó ri ọmọ rẹ̀ márààrún sínú omi ìwẹ̀, wọ́n kú. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́pàá. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìyá burúkú lòun, pé àwọn ọmọ òun máa lọ sí ọ̀run àpáàdì bí wọ́n bá dàgbà lọ́wọ́ òun, nítorí náà kí òun tètè rán wọn lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ní 2002, ilé ẹjọ́ ní ó jẹ̀bi, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n gbére. Ẹjọ́ náà wó lulẹ̀ ní 2005. Ní 2006, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ mìíràn ní kò jẹ̀bi torí pé orí rẹ̀ ò pé nígbà tó ṣe é, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn ọpọlọ.

Ẹ wo nǹkan tó dùn mí jù níbẹ̀. Ìwàásù ọ̀run àpáàdì tí ó ń gbọ́, àìsàn rẹ̀ mú un, ó fi rọ irin. Ìwàásù lásán ò lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ yá di apànìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, a ò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn nínú àwọn tó ń gbọ́ wa. Kí a máa ṣọ́ ẹnu wa.

Ó tó àkókò kí n sọ tèmi. Mi ò sọ èyí lórí pẹpẹ rí.

Ó lé ní ogún ọdún báyìí, mi ò tíì wá sí Ìjàgbó nígbà náà. Wọ́n gbé ìyá ọmọ tuntun kan wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sùn, ó ní ojú ọmọ náà máa ń yí padà lóru. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní ọ̀tá ilé ni. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú! Nígbà tí ó ń pariwo, a fi okùn so ó lọ́wọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, a tú u sílẹ̀ kó lè wẹ̀. Ó gbé ọmọ odó, ó fi lu ìyá ọkọ rẹ̀ tó pọn ọmọ náà sẹ́yìn. Ọlọ́run nìkan ló ní kí igi náà má kan ọmọ. Apá ìyá ọkọ rẹ̀ fọ́, kò sì padà bọ̀ sípò mọ́ títí ìyá náà fi kú. Àwọn ọlọ́pàá gbé ìyàwó náà lọ. Àtìmọ́lé ló wà kí ẹbí tó rí ọ̀nà gbé e dé ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn tó ti lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo lọ wò ó. Orí rẹ̀ ti pé. Ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Dádì, wọ́n ní apá Màmá fọ́. Ta ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, èmi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé igi, ṣùgbọ́n èmi ni mo gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo fi ebi àti okùn kún àìsàn rẹ̀. Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìdílé náà, wọ́n sì ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí pásítọ̀ tó ń ṣe ohun tí mo ṣe, mi ò ní dákẹ́.

Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí Nàìjíríà. Ibi 28 ni wọ́n dé ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n rí àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́lẹ̀: lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé àwọn ẹlẹ́sìn Islam, àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì o! Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Máàkù orí 5. Ọkùnrin tó ń gbé láàárín ibojì yẹn, ta ló fi ẹ̀wọ̀n dè é? Àwọn ará ìlú ni. Jésù kọ́. Nígbà tí Jésù ṣe tán, ọkùnrin náà jókòó, ó wọ aṣọ, orí rẹ̀ pé, Olúwa sì ní kó máa lọ sílé lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n, ẹ̀yìn àwọn ará ìlú yẹn lẹ wà.

Àwọn kan á ní, "Ìgbàgbọ́ pásítọ̀ ti rẹ̀." Mo gbà pé ẹ̀mí èṣù wà. Mo ti gbàdúrà ìtúsílẹ̀, mo sì ti rí ọwọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Mátíù 4:24 to àwọn tí ẹ̀mí èṣù ń dà láàmú sọ́tọ̀, ó to àwọn aláìsàn yòókù sọ́tọ̀. Bíbélì mọ ìyàtọ̀, kí ló dé tí àwa ò mọ̀ ọ́n? Ìgbà tí Èlíjà ní kí òun kúkú kú, oorun àti oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe ààwẹ̀. Lúùkù tó kọ Ìhìn Rere, oníṣègùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, ṣé ìgbàgbọ́ yín ti kú? Èwo wá ni ti ọpọlọ tí kò gbọdọ̀ lo oògùn?

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ tó ń jẹ́wọ́ náà ńkọ́? Obìnrin kan á jókòó sílẹ̀, á ní òun ti pa ọmọ méje, òun ti jẹ ọkọ òun. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé fóònù, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Ghana, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Field jókòó ti àwọn ojúbọ ní ìgbèríko, ó ń wo àwọn obìnrin tó wá jẹ́wọ́ pé àjẹ́ làwọn. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1960. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ wọn, àìsàn ìbànújẹ́ ọkàn tó wọra ló ń ṣe wọ́n. Àìsàn yẹn máa ń mú kí ènìyàn dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ohun tí kò ṣe. Ẹ ronú sí i: àwọn tó jẹ́wọ́ níwájú yín tí ẹ lù, mélòó nínú wọn ni aláìsàn?

Òfin náà mọ ìyàtọ̀. Nínú Penal Code tí ìpínlẹ̀ Kwara bá ilẹ̀ Àríwá jogún, abala 51 sọ pé ẹni tí orí rẹ̀ ò pé nígbà tó ṣe nǹkan, débi pé kò mọ ohun tó ń ṣe tàbí pé kò mọ̀ pé kò dára, kò dá ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. Ìyẹn ò ní kó máa rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n á pa á mọ́ síbi tí kò ti ní lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin àwọn òyìnbó àtijọ́ tó kàn ń pe aláìsàn ní wèrè tí a ó tì mọ́lé. Òfin ti yí padà, ìwà wa ló kù.

Ilé ìwòsàn náà wà. Dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Budo-Egba níhìn-ín ní Kwara. Aro wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ Yorùbá, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 láti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó wà lágbègbè ibẹ̀, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Ayé wá kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dọ̀ wa. Lambo mọ̀ pé ẹbí wà lára oògùn. Àwa wá ń lé ẹbí wa sígboro.

Nítorí náà, nínú ìjọ tí Ọlọ́run fi sọ́wọ́ mi, bó ṣe máa rí nìyí. A ò ní so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ mọ́. A ò ní fi ààwẹ̀ lé abiyamọ tàbí aláìsàn lórí. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọ tó máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó da oògùn dókítà nù; ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, á gbé iṣẹ́ sílẹ̀. A ó gbàdúrà, a ó sì jọ wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn. Tí o bá ní irú rẹ̀ nílé tí ojú ń tì ọ́, wá bá èmi tàbí ìyàwó mi. A ò ní dárúkọ rẹ lórí pẹpẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí kí ni iṣẹ́ wa?

Lálẹ́ àná, èmi àti ìyàwó mi lọ bá ìyá abẹ́ ìsọ̀ yẹn. A gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò wá títí, ó gbà á. Ó bù lára rẹ̀ fún ajá tó dùbúlẹ̀ tì í, ó sì jẹ ìyókù. Egbò òkò wà ní iwájú orí rẹ̀. A ti ń wá àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ wọ́n, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, má kọ ọ́ síbí.

Ìwọ ọmọ ìjọ mi tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mi ò bínú sí ọ. Irú ohun tí mo ṣe lógún ọdún sẹ́yìn burú ju tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Kó àwọn ọmọ rẹ dání, kí wọ́n wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá yẹn.

Kí Olúwa wo gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú sàn, kó sì fún àwa tí orí wa pé ní àánú. Lórúkọ Jésù.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí.

Pásítọ̀ yín ni, láti Ìjàgbó.